Ṣé páálí ni ká tẹ́ sínú ọgbà ẹ̀fọ́ ni, àbí oògùn koríko la máa fín?

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ èpò dáńdá.

Ọgbà kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa, kò tó ìdajì pulọ́ọ̀tì. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti ata rodo ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ro ó lọ́jọ́ Sátidé, kí Sátidé míì tó pé, dáńdá ti yọrí padà, á tún máa dán bíi pé mo bu ajílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn mi ò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ọmọkùnrin kan tó máa ń fín oògùn fáwọn èèyàn ládùúgbò ní òun á bá mi fín in, pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo ẹ̀ á ti gbẹ. Àmọ́ òun náà ló bá aládùúgbò mi fín ẹ̀gbẹ́ ògiri lóṣù tó kọjá. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ewédú mi tó wà ní ìhà tèmi rọ, ó pọ́n, ó kú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Àbúrò mi wá ní kí n tẹ́ páálí, kí n da koríko gbígbẹ lé e, pé èpò á kú sábẹ́ ẹ̀, páálí náà á sì jẹrà. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ti ṣe é rí nínú yín?

Baba_Gbágùúdá (ọ̀nà Ìsẹ́yìn)

Ìyá, ẹ kú ìnira. Mi ò ní purọ́ fún yín, oògùn lèmi ń lò. Éékà mẹ́fà gbágùúdá ni mo ní. Ẹ bá mi wá páálí tó máa bo éékà mẹ́fà! Bí mo bá ní kí lébìrà ro ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó hú u, owó gbágùúdá ò ní tó san owó wọn.

Koríko ẹ̀kan gan-an ló sì lé mi dé ìdí oògùn. Ẹni tí kò bá tíì wa iṣu rí kó bá ẹ̀kan tó wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, tó yọ sí ìkejì bí abẹ́rẹ́, kó má wàásù fún mi.

Jagunlabí

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ da iyọ̀ sí i. Ó parí.

Ọmọ_Ọ̀gbìn (Àkúrẹ́)

Jagunlabí, ó tì o. Iyọ̀ ò mọ dáńdá yàtọ̀ sí ilá. Iyọ̀ tó bá lè pa dáńdá á ti kọ́kọ́ ba ilẹ̀ jẹ́ fún ata.

Ìyá, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ ká kó gbogbo èpò pọ̀ sójú kan. Èpò tó ń ti inú hóró hù, bí ìmí eṣú, gbégi àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, páálí á pa á. Hóró wọn kéré, agbára tó wà nínú ẹ̀ kò lè gbé wọn gba inú òkùnkùn dé òkè. Ti dáńdá yàtọ̀. Ẹ fi ọkọ́ wa ọ̀kan jẹ́jẹ́, ẹ má fà á. Ẹ ó rí i pé kò dá wà: ọmọ dúdú kékeré kan wà nísàlẹ̀, okùn tín-ín-rín kan so mọ́ ọn, ọmọ míì wà nídìí okùn yẹn, òmíràn tún wà níwájú, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnì kan sin sínú ilẹ̀. Ìbátan imumu tí à ń jẹ ni. Bí ẹ bá fa ewé ẹ̀, okùn á já, àwọn ọmọ tó ń sùn á jí. Ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé ẹ ń gbìn ín nígbà tí ẹ ń ro ó nìyẹn.

Ẹnu dáńdá sì mú. Ó ń gún ọ̀rá dúdú já, ká má tíì sọ páálí tó ti rin.

Oògùn náà kì í ṣe idán. Glyphosate tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń tà, inú ewé ló ń gbà wọlé, á wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Ọmọ dáńdá tó ń sùn, tí kò tíì yọ ewé, kò ní mọ̀ pé ẹ fín nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni ọmọkùnrin yẹn máa wá, ẹ ó sì máa sanwó fún un. Gbogbo ohun tó bá ní ewé tútù ló sì ń pa. Ó jọ pé òun ló pa ewédú yín.

Màmá_Ọ̀ṣun (Òṣogbo)

Òjò kẹta rèé tí mo ti ń tẹ́ páálí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì ni mo ti ń gba páálí, torí tiwọn fẹ̀, ó sì nípọn. Ẹ yọ gbogbo sẹ́lótéèpù, ẹ yọ àwọn irin wíńníwíńní tí wọ́n fi kàn án. Ó ń súni, àmọ́ ẹ má fò ó. Mo fò ó lọ́dún àkọ́kọ́. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá ń gbin ata, sẹ́lótéèpù ló ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi jáde nínú ilẹ̀. Páálí tó ń dán, tó kún fún àwọ̀, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ fi àdá gé koríko mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kó rin dáadáa, ẹ wá tẹ́ páálí, kí ẹnu wọn gun ara wọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ibi tí páálí méjì ti pàdé ni èpò máa ń wò. Ẹ tún rin páálí fúnra ẹ̀ lómi. Ohun tí ẹ bá ní ni kí ẹ dà lé e lórí: pòpórò àgbàdo, háhá, èèpo ẹ̀pà, koríko gbígbẹ tí kò léso. Ní tèmi, jogbo tó wà létí títì ni mo máa ń gé, ewé ẹ̀ ń tètè jẹrà, ilẹ̀ sì fẹ́ràn ẹ̀. Kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ fi ààyè bí ìka mẹ́rin sílẹ̀ yí ìdí ata ká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀ á rà.

Ata àti ilá, ẹ dá páálí lu, ẹ gbìn wọ́n sínú ihò. Àmọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí ẹ ń fọ́n, páálí ò bá wọn mu. Lójú páálí, irúgbìn yín náà èpò ni. Ẹ ya ebè tiwọn sọ́tọ̀, kí ẹ máa fọwọ́ tu èpò ẹ̀, tàbí kí ẹ dúró kí wọ́n ga díẹ̀, kí ẹ wá ki ewé gbígbẹ sáàárín wọn.

Ọmọ_Òkè_Ògùn (Ṣakí)

Páálí! Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ yìí, ṣé kò sí ikán lọ́dọ̀ yín ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Mo ṣí koríko kúrò, erùpẹ̀ pupa ni mo bá níbi tí mo tẹ́ páálí sí. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán! Wọ́n tún ti la ọ̀nà gba ara ògiri lọ sí férémù fèrèsé mi. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Màmá_Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Oṣù wo lẹ tẹ́ ẹ?

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Oṣù Kejìlá.

Màmá_Ọ̀ṣun

Háà! Ẹ gbé oúnjẹ gbígbẹ síwájú ikán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ló ni páálí, ẹ̀gbọ́n. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ tèmi, kò ní gbẹ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, á sì ti rà kí ọyẹ́ tó dé. Mi ò sì jẹ́ kó sún mọ́ ògiri ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ikán á ṣì wá o, mi ò sọ pé kò ní wá. Ṣùgbọ́n páálí tó bá ti bo èpò fún oṣù méjì kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìlọrin

Ejò ńkọ́? Ewé gbígbẹ tó nípọn báyẹn lẹ́yìn ilé táwọn ọmọ ti ń ṣeré, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọyẹ́ tún ń bọ̀, iná ò sì mọ̀ pé ajílẹ̀ ni.

Màmá_Ọ̀ṣun

Òótọ́ lẹ sọ, ìyá ìbejì. Ibi táwọn ọmọ ti ń ṣeré, mi ò da nǹkan kan síbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣí ewé, igi ni mo fi ń ṣí i, mi ò kì í fọwọ́ lásán wọ abẹ́ ẹ̀. Ní ti iná, bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ni.

Adùkẹ́_Ìlú_Ọba (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí máa ń fi ilẹ̀ ọgbà háyà fún ará àdúgbò, allotment ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ní ọ̀kan. Dáńdá tiwa níbí ni bindweed, gbòǹgbò ẹ̀ funfun bíi spaghetti, bí ẹ bá gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ló máa hù. Páálí ni mo fi ń bá a jà. Ó gbà mí lódindi ọdún méjì, mo sì ń tẹ́ òmíràn lé e bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe ń rà.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbolẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń dà bo ilẹ̀, fúnra ẹ̀ lè gbé oògùn wọ ọgbà yín. Oògùn koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní aminopyralid, pápá tí ẹran ti ń jẹko ni wọ́n ń fín in sí. Koríko ò kú, àwọn èpò míì ló ń kú. Ẹṣin jẹ koríko náà, oògùn gba inú ẹ̀ kọjá, ó wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀ láìyingin. Ní 2008, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù irè wọn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì dá títà ẹ̀ dúró nígbà yẹn. Ó padà sọ́jà lẹ́yìn náà, pẹ̀lú òfin tó le sí i.

Tèmi ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn dáadáa. Mo gba ìgbẹ́ ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, inú mi dùn, mo dà á sídìí tòmátò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé orí wọn ká kò bí ìka ọwọ́ ọmọ tuntun. Mo rò pé àìsàn ni, mo ń bomi rin wọ́n. Ọmọ ọdún 71 tó ní ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ló wo ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan, tó ní, "Ta ló fún ẹ ní ìgbẹ́ yẹn?"

Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá fún mi ní ìgbẹ́ ẹran tàbí koríko gbígbẹ, mo máa ń pò díẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkòkò, màá gbin ẹ̀wà mẹ́rin sí i, màá gbin mẹ́rin míì sínú iyẹ̀pẹ̀ lásán. Bí ewé ti inú ìgbẹ́ bá ká, mo dá a padà.

Àwọn kan níbí tún ń ra ọ̀rá tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe láti fi bo ilẹ̀, tí wọ́n ní ó ń jẹrà. Ẹ ṣọ́ra. Ọ̀rá tó kàn ń fọ́ wẹ́wẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹrà lóòótọ́. Òdiwọ̀n kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2018, EN 17033: ó ní ìdá 90 nínú 100 ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ ti di afẹ́fẹ́ carbon dioxide nínú ilẹ̀ láàárín ọdún méjì. Bí mi ò bá rí nọ́ńbà yẹn lára ẹ̀, mi ò rà á. Páálí ọ̀fẹ́ kúkú wà.

Jagunlabí

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, oògùn glyphosate yìí ń fa jẹjẹrẹ. Kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá lọ sídìí ẹ̀?

Baba_Gbágùúdá

Ìwọ tó ní ká da iyọ̀ sílẹ̀ lánàá.

Ọmọ_Ọ̀gbìn

😂 Ẹ má bínú sí i, Bàbá.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, bí ó ṣe rí rèé. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi glyphosate sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó jọ pé wọ́n lè fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ò gbà bẹ́ẹ̀. Yúróòpù tún fọwọ́ sí lílò ẹ̀ fún ọdún 10 ní 2023. Togo níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fòfin dè é ní 2019. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àríyànjiyàn ti parí, ní ìhà yòówù kó wà, ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni oògùn koríko míì tó ń jẹ́ paraquat. Bí èèyàn bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹnu kan péré lè pa á, kò sì sí oògùn tó ń pa oró ẹ̀. NAFDAC fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Ìyá, kí ọmọkùnrin yẹn tó fín ohunkóhun, ẹ ní kó gbé ike oògùn wá, kí ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ ní lẹ́tà wínníwínní sábẹ́ orúkọ ọjà. Bó bá jẹ́ inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló rọ ọ́ sí, ẹ lé e lọ. Ọmọdé ò mọ ìyàtọ̀.

Baba_Gbágùúdá

Ìyẹn ni mo fara mọ́. Èmi máa ń wọ bọ́ọ̀tù, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, mo sì ń wo atẹ́gùn. Àwọn ọmọ tó ń fín in káàkiri àdúgbò, bàtà sílípáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìyá, ti ọgbà yín, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, èmi náà ò ní fín oògùn síbi tí màá ti já tẹ̀tẹ̀ sọ́bẹ̀. Ìyàwó mi pàápàá kì í jẹ́ kí n gbé táńkì gba ẹ̀gbẹ́ ewébẹ̀ ẹ̀ kọjá. Ti oko gbágùúdá ni mò ń jà fún. Bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí mi ò mọ oògùn: bó bá ti gbin iṣu, koríko gbígbẹ ló fi ń dé orí ebè kí oòrùn má pa á, ẹ̀gúsí ló sì fi ń bo ilẹ̀ tó kù. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kan ni kò jẹ́.

Ọmọ_Kétu (Kétu, Benin)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀ ẹ̀kan díẹ̀, torí ó ti lé àwọn èèyàn wa náà kúrò lóko rí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀kan ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní agbègbè Mono níhìn-ín. Ohun tí wọ́n fi lé e ni Mucuna. Wọ́n gé ẹ̀kan mọ́lẹ̀, wọ́n gbin ín sáàárín. Ó ń fà bí ọ̀dùnkún, ewé ẹ̀ gbòòrò, kò pẹ́ tó fi bo ẹ̀kan pátápátá. Ẹ̀kan ò lè gbé inú òjìji. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Mucuna ń kú fúnra ẹ̀, ewé ẹ̀ á wà nílẹ̀ bí ẹní, wọ́n á wá gbin àgbàdo gba inú ẹ̀. Ìbolẹ̀ tó ń hù fúnra ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa ru páálí lọ sí éékà mẹ́fà.

Àbùkù ẹ̀ ni pé ilẹ̀ yẹn ò ní mú oúnjẹ wá ní gbogbo àkókò tí Mucuna fi wà lórí ẹ̀. Hóró ẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀wà tí ẹ lè kàn sè jẹ, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń dààmú orí.

Baba_Gbágùúdá

Mucuna. Ṣé kì í ṣe wèrèpè nìyẹn?!

Ọmọ_Kétu

Ìbátan ẹ̀ ni, Bàbá.

Baba_Gbágùúdá

Ẹ dákun.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun o. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mo ti kúrò níbí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lé ọmọkùnrin náà. Mo ní kó gbé ike oògùn wá, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló gbé wá lóòótọ́, ìdérí ẹ̀ ò tiẹ̀ bá a mu.

Mo pín ọgbà sí méjì. Apá ata àti ilá, mo tẹ́ páálí bí Màmá Ọ̀ṣun ṣe ní kí n ṣe, mo da háhá àti ewé jogbo lé e. Apá tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ọwọ́ ni mo fi ń tu ú. Lánàá mo fi igi ṣí igun kan lára páálí. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ekòló méjì wà lábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ tutù débi pé àpá ọwọ́ mi hàn lórí ẹ̀. Mi ò rí ìmí eṣú kankan, gbégi sì ti rà.

Dáńdá wà o. Láàárín ẹnu páálí méjì tí mi ò jẹ́ kó gun ara wọn dáadáa, ó tò lọ gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Mo ka 14. Láàárín páálí fúnra ẹ̀, mẹ́ta ló gún un já. Mo tún ṣí ibòmíì, mo rí àwọn kan tó ti yọ ṣùgbọ́n tí wọn ò rọ́nà: wọ́n funfun, wọ́n gùn, wọ́n ń wọ́ kiri lábẹ́ páálí bí índómì. Ṣé mo máa tú àwọn yẹn ni?

Ọmọ_Ọ̀gbìn

Ẹ má tú wọn, ìyá. Ẹ bò ó padà. Agbára tó wà nínú ọmọ wọn nísàlẹ̀ ni wọ́n ń ná yẹn, wọn ò sì rí oòrùn fi dá a padà. Àwọn 17 tó jáde ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ní ju ewé mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹ tẹ́ páálí míì lé ẹnu tó ṣí. Kò ní tán lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbin ọ̀dùnkún tàbí ẹ̀gúsí sójú ibẹ̀, kó má rí oòrùn.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́

Ó dáa. 17 kúkú sàn ju ohun tí mò ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn mi ti ń dúpẹ́.

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Mo ti ń kó páálí jọ de òjò o. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n tẹ́ ẹ síwájú ilé bàbá mi.

Baba_Gbágùúdá

Ọmọ Kétu, mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní ìdajì éékà kan tí ẹ̀kan ti gbà, mi ò dáko níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bí o bá lè bá mi fi hóró yẹn ránṣẹ́ sí Ìmẹ̀kọ, màá ní kí ẹnì kan gbà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n búra fún mi pé kò yún.

Ọmọ_Kétu

Èyí tí wọ́n ń gbìn ò ní irun tó ń yúnni bíi ti inú igbó, Bàbá. Ọwọ́ lásán ni mo fi ká a lọ́dún tó kọjá.

Baba_Gbágùúdá

Ọwọ́ méjèèjì?